Mẹ́ta Nínú Ogún Obì

Adébáyọ̀ Àlàbí, ọmọ Ìjòkú, ọmọ olóko obì tí í so kí òjò tó dá, ọkọ mi: òun ni mò ń sọ. Bí òórùn ewé tútù àti obì gbànja bá ti kàn mí nímú, ìsọ̀ Àlàájì Sàní ní Sábó ni ọkàn mi ń lọ, níbi tí Àlàbí ti ń bá a yẹ obì wò kó tó rà á. Kò sẹ́ni tó lè tú gbogbo agbọ̀n tó bá wọlé palẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, ogún obì ló máa ń mú: díẹ̀ lókè, díẹ̀ láàárín, ìyókù nísàlẹ̀. Bí kòkòrò bá ti jẹ ju méjì lọ, agbọ̀n á padà sílé.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé obì oko ìyá mi wá láti Ìrolú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n fi ìkórè lé mi lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ti ní kò sóhun tí mo mọ̀ nípa obì. Àlàbí mú ogún. Mẹ́ta bàjẹ́.

“Bàbá Bísí, ẹ tún òmíràn mú,” mo ní.

“Ṣé ká máa mú un lọ títí á fi dára ni?”

Àlàájì alára bẹ̀ ẹ́. “Ìyàwó yín ni, ẹ jẹ́ ó lọ.”

Ìyá Sìkírátù, olórí àwa tó ń kó obì wá tà, tí wọ́n dá agbọ̀n tiẹ̀ padà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Àlàájì, obì lẹ fẹ́ rà ni àbí ìyàwó?”

Mo gbé agbọ̀n mi padà. Nílé, mo tú u sórí ẹní, mo kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹgbẹ̀ta obì, ogójì péré ló bàjẹ́. Méjì nínú ogún tí wọ́n gbà láàyè ì bá jẹ́ ọgọ́ta nínú ẹgbẹ̀ta. Obì mi dára. Mo fi ẹkún pe Àlàbí wá wò ó.

Ó wò ó pẹ́. “Obì ẹ dára, Ìyá Bísí. Ogún tí mo mú ló ṣì mí lọ́nà.”

“Ta ló tiẹ̀ ní kó jẹ́ méjì? Ṣé Ọlọ́run ni?”

“Àwa ni. Èmi, Àlàájì àti Ìyá Sìkírátù la jókòó tá a sọ ọ́. A lè sọ pé mẹ́ta. Àmọ́ a sọ ọ́ ká tó tọwọ́ bọ agbọ̀n. Tá a bá ń dúró rí obì ká tó sọ iye tá a fẹ́, kí la wá yẹ̀ wò?”

Lọ́jọ́ kejì, ó bá mi gbé e lọ sí Ìrolú, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá mi, níṣojú ẹ̀gbọ́n mi, pé obì náà dára, ogún tòun ni kò jọ ọ́.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ èyí dájú: ènìyàn ló pa ààlà náà, obì kò mọ méjì yàtọ̀ sí mẹ́ta. Ó ṣìnà lórí agbọ̀n tèmi, síbẹ̀ gbogbo Sábó ló gbà á gbọ́, torí kò sún ààlà náà fún ẹnikẹ́ni, títí kan èmi tó fẹ́ràn jù. A sin ín lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.