Téèpù Bàbá Mi

Ẹ bá mi yin àwa ọ̀mọ̀wé, àwa tí nǹkan kì í pọ̀ sí i lójú wa àfi tí a bá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn kan ni mo fi ń jẹun ní yunifásítì l'Ágọ̀-Ìwòyè: “has increased steadily.” Ọ̀dọ̀ bàbá mi, télọ̀ ní Òkè-Ṣọpẹ́n, ni mo ti kọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tú téèpù rẹ̀ láti wọn ìyá mi fún aṣọ Iléyá. Òórùn ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ bá mi nímú, mo sì padà di ọmọ kékeré ní ṣọ́ọ̀bù.

Bí Iléyá bá kù díẹ̀, bàbá mi á wọ̀n mí, èmi á sì kéde fún àwọn oníbàárà: “My height has increased steadily!” Wọn á pàtẹ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí n wọn òun náà. Ìwé ìwọ̀n rẹ̀ sọ pé àyà rẹ̀ jẹ́ ogójì ínṣì léṣìí. Téèpù sọ pé mẹ́rìndínlógójì.

“Ó yá, ọ̀jọ̀gbọ́n mi, sọ ọ́ lóyìnbó.”

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo mọ̀. “Your chest has increased steadily from forty to thirty-six!”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o sọ fún ìyá rẹ.”

Mo sáré lọ sọ ọ́. Bàbá mi kò bá wa ṣe Iléyá mìíràn mọ́.

“Ṣé mo ti sanra sí i?” ìyá mi bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá náà, bí mo ti ń wọ̀n ọ́n.

Mo wo téèpù. Ìwọ̀n rẹ̀ ti dín.

“Màámi, it has increased steadily.”

Èmi náà pa irọ́ tí bàbá mi rán mi nígbà náà.