Kọfí Ọ̀sán Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Oúnjẹ tí èèyàn bá ń jẹ níwájú ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í dùn lọ́fun. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Inú oṣù Ramaláànì tí ọmọ mi wà ní oṣù mẹ́rin ni mo ti mọ̀ ọ́n, nílé ọkọ mi ní Òkè-Sopẹ́n.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti gba ààwẹ̀ náà. Mo bá wọn jí sí sààrì, mo bá wọn gbé ẹnu dúró. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ọyàn mi á ti rọ̀ bí àpò tí wọ́n ti da gààrí inú rẹ̀. Ọmọ á fà á, á tún un fà, á tú u sílẹ̀, á wò mí lójú, á wá figbe ta. Nígbà tí mo gbé e lọ fún ìwọ̀n, nọ́ọ̀sì wo káàdì rẹ̀, ó tún un wò.

"Ìyá ìkókó, ọmọ yín kò fi nǹkan kan wúwo ju ti oṣù tó kọjá lọ. Kí lẹ̀ ń jẹ?"

Mo ní ààwẹ̀ ni.

"Ẹ lọ jẹun. Ẹ mu nǹkan gbígbóná. Bí omi ọyàn yẹn bá gbẹ tán, mílíìkì inú agolo ló kù, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń tà á."

Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo sunkún díẹ̀ lójú ọ̀nà, mo nu ojú mi kí n tó délé.

Ìyá ọkọ mi kò bá mi jà. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní, "Ṣebí Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláboyún àti abiyamọ. Wàá san án padà tó bá yá." Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n má jẹun. Kò kàn sẹ́ni tó máa bá mi jẹ ẹ́ ni.

Bí mo bá gbé ìkòkò kaná lọ́sàn-án, òórùn ọbẹ̀ á yí ilé ká. Àwọn ọmọ kéékèèké tó ń kọ́ ààwẹ̀ á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á máa gbé itọ́ mì. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ó dùn?" Mo da oúnjẹ náà padà sínú ìkòkò. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé n kò lè máa jẹun nínú ilé yẹn.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń rìn lọ sí ilé búrẹ́dì ní Òkè-Àgbò lọ́sọ̀ọ̀sán nìyẹn. Iwájú ilé náà ni wọ́n ti ń tajà: bọ́ǹsì, dónọ́ọ̀tì àti mítípáì nínú àpótí gíláàsì, pẹ̀lú fúláàsì omi gbígbóná lórí tábìlì. Obìnrin aláṣọ funfun ló ni ín, ọmọ ìjọ Aládùúrà. Ìgò òróró àdúrà rẹ̀ wà lórí àpótí gíláàsì náà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, ó wo híjáàbù mi, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi. Ó kàn gbé àga rọ́bà kan lọ sí kọ̀rọ̀, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri.

"Ẹ jókòó síbí, Ìyá ìkókó. Kò sẹ́ni tó máa rí yín."

Lọ́dọ̀ wa, gbogbo ohun tí a bá ti po mílíìkì sí, tíì ni. Kọfí gan-an ni òun ń pò. Fún mi, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń bù sí i, ó wá fi mílíìkì kún ife dẹ́nu, torí ó ní kọfí tó pọ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ ọlọ́yàn sùn. Màá rẹ bọ́ǹsì sínú rẹ̀, màá jẹ ẹ́ kíákíá. Ẹ̀yìn ògiri tí mo kọjú sí ni ààrò búrẹ́dì wà, nítorí náà ògiri náà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà mìíràn, màá gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé e, bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ọwọ́ lé ẹni tó sùn tì í. Ọkọ mi ń bá wọn kó pákó lọ sí Èkó, ojú ọ̀nà ló sábà máa ń wà. Bó bá pè, á ní, "Ṣé ọmọ ń mu?" Màá ní, "Ó ń mu." Á ní, "Ó dáa." Ó tán.

Àwọn obìnrin tó ń wá kó búrẹ́dì láti lọ tà kì í dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn rí mi lọ́jọ́ kan, ó patẹ́wọ́.

"Háà! Ìyàwó, ẹ ti ṣínu kí lèmọ́mù tó dé!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì ní, "Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ o. Ìwọ tó ní o ń gbààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣebí ìdí ẹ̀wà ni mo ti bá ọ?"

"Mo kàn ń tọ́ ọ wò ni!"

"O tọ́ ọ wò títí o fi lá abọ́."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ògiri ni mo ń rẹ́rìn-ín sí.

Bí mo bá ti fẹ́ máa lọ, oníbúrẹ́dì á rọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ìgò kan fún mi, kí n máa mu ún lójú ọ̀nà àti nínú yàrá. Abẹ́ híjáàbù ni mo máa ń fi í sí bí mo bá ń wọlé, kí àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ má baà rí i.

Ìrọ̀lẹ́ ló ń dùn mí jù. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí oyún ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí n kò tíì mọ̀ pé ó wà, mo bá wọn gbààwẹ̀. Lórí ẹní ìṣínu yẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ti di ará ilé. Ilé aláṣọ funfun ni wọ́n bí èmi sí ní Abigi, ìgbéyàwó ló sọ mí di Mùsùlùmí, ahọ́n mi sì tún yàtọ̀ sí tiwọn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá ti jọ na ọwọ́ sí abọ́ kan, kò sẹ́ni tó ń rántí. Lọ́dún yìí, inú yàrá ni mo ń wà. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lórí ẹní náà? Màmá kọ́kọ́ máa ń rán ọmọ wá pè mí. Màá ní mo ń fún ọmọ lọ́yàn. Nígbà tó yá, kò ránṣẹ́ mọ́. Bí mo bá kọjá lójúde, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ á dá. Mo rò pé nítorí oúnjẹ ọ̀sán ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àyílà, mo ti kó bọ́ǹsì sẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ṣé búrẹ́dì ìṣínu ni?"

"Ìyàwó mi ni mo ń wá."

N kò lè gbé e mì, n kò lè tu ú. Màmá wo ife, ó wo ìgò òróró, ó wo oníbúrẹ́dì.

"Níbo lẹ ti ń gbàdúrà fún un?"

"Àdúrà kẹ̀? Màmá, búrẹ́dì là ń ṣe níbí."

"Ìgò tó ń kó sábẹ́ híjáàbù wálé ńkọ́? Gbogbo ilé ló ń wí i. Wọ́n ní omi àdúrà lẹ ń bù fún un, pé ó fẹ́ sọ ọmọ ọmọ mi di aláṣọ funfun bíi ti ilé ìyá rẹ̀."

Mo sáré gbé bọ́ǹsì mì. "Màmá, omi mímu ni."

"Omi mímu! Kí ló dé tí ò ń fi í pamọ́?"

"Ẹ̀ ń gbààwẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹ rí mi."

Ó gba ìgò náà, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Mo rí i pé ó ń rò ó bóyá kí ó tọ́ ọ wò. Oníbúrẹ́dì ní, "Ẹ rọra o, ààwẹ̀ yín!" Màmá dé ìgò náà padà. Ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra.

"Ìrọ̀lẹ́ wá ńkọ́? Wọ́n ní o ti padà lẹ́yìn wa ni o kò fi bá wa jókòó mọ́."

"N kò gbààwẹ̀, Màmá. Ojú ń tì mí."

"Àwọn ọmọ tó ń jẹ gúgúrú láti àárọ̀, ṣebí àwọn ló ń kọ́kọ́ dé orí ẹní? Ta ló lé wọn?"

Ó na ọwọ́, ó gba ọmọ lẹ́yìn mi, ó gbé e sókè, ó gbé e wálẹ̀. "Ó ti ń wúwo," ló wí, kò wo ojú mi. Ó dá a padà fún mi, ó ra búrẹ́dì méjì, ó lọ. Láti ojúde ló ti ké wọlé pé, "Jẹ ẹ́ tán o!" Mo jẹ ẹ́ tán. Kọfí ti tutù.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ jókòó. Wọ́n sún fún mi. Gbogbo wa ń retí kí ìrun pè. Nígbà tó pè, wọ́n gbé omi sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n jọ mí kanlẹ̀, wọ́n ní "Àlùhámúdù lílàhì" bí ẹni tí ẹrù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Èmi náà mu tèmi. Omi lásán ni. Òùngbẹ kò gbẹ mí tẹ́lẹ̀. Màmá ti àwo àkàrà sọ́dọ̀ mi láìwò mí, mo mú ọ̀kan, mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ká ẹní.