Àgọ́ Méjì àti Oiva Tó Ń Ṣọ́ Iná

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni Oiva Kemppainen. Katakata tó ń wọ́ yìnyín kúrò lójú títì ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọ̀nà kan ní gbogbo agbègbè Kainuu wa níbí tí kò tíì bú rí. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ fún ènìyàn, ṣùgbọ́n tó bá kan ọ̀nà, ajá tàbí igi ìdáná tó tutù, ẹ ó gbọ́ èébú tó gbámúṣé. Èmi Tyyne tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọdẹ ni mí. Mo mọ ìbọn yìn ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin ẹgbẹ́ wa lọ. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sọ ọ́.

Bí òtútù bá ti dé, ẹgbẹ́ wa máa ń wọ igbó lọ dọdẹ ìgalà ńlá, èyí tó ga ju ẹṣin lọ. Inú àgọ́ aṣọ tó nípọn la máa ń sùn, sítóòfù onígi wà láàárín rẹ̀, páìpù èéfín sì yọ orí jáde lókè. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lójúfò kó máa ki igi sí i, kó sì máa wò ó kí iná má lọ ta sí aṣọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọkùnrin ilẹ̀ wa ló ti ṣe iṣẹ́ yìí nígbà tí wọ́n ń sin ìjọba nínú iṣẹ́ ológun, gbogbo wọn ló sì kórìíra rẹ̀. Oiva nìkan ló fẹ́ràn rẹ̀.

Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Lọ́dún tó kọjá, ó yìnbọn lu kùkùté igi kan, ó wá bínú sí kùkùté náà pé kò ṣubú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Nígbà tó délé, ó gbé ìbọn kọ́ ara ògiri, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, iná ṣíṣọ́ nìkan ló kù tó ń bá wa wọ igbó lọ ṣe.

Àfi bí eku ṣe jẹ àgọ́ wa nínú àká lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n bímọ sí i, wọ́n tún fi èyí tó kù ṣe bẹ́ẹ̀dì fáwọn ọmọ. A gbọ́dọ̀ yan òmíràn. Jarno alága wa, ọmọ dáadáa tó kàn fẹ́ràn ohunkóhun tó bá ti ní bọ́tìnnì, wá ròyìn àgọ́ kan ní ìpàdé. Ó fúyẹ́, kò jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì ló sì ń fẹ́ ooru sínú rẹ̀.

"Kéèyàn kàn tẹ bọ́tìnnì ni," Jarno wí. "Kò sẹ́ni tó máa ṣọ́ nǹkan kan. Gbogbo wa la máa sùn bí ọmọ ọwọ́."

Mo wojú Oiva. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fa àga yọ nídìí rẹ̀. Bí àgọ́ ò bá nílò ẹni tó ń ṣọ́ iná, kí làwọn ọdẹ tún fẹ́ fi arúgbó tí kò ríran ṣe nínú igbó? Mo mọ̀ pé ohun tó ń rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn.

"Ìgalà máa gbóòórùn dísẹ́ẹ̀lì yẹn," ló wí. "Wọ́n á sá dé Rọ́ṣíà."

"Bàbá Oiva, kò rùn rárá."

"Ó ń pariwo."

"Ariwo ẹ̀ ò tó ti ẹnì kan tó bá ń hanrun."

"Èmi kì í hanrun."

"Báwo lo ṣe fẹ́ hanrun?" Taisto dá sí i, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ọkùnrin tó sanra bí àgbá. "Ìwọ tí o kì í sùn. Oiva, tó bá jẹ́ tìẹ ni, inú ihò òkúta la ò bá ṣì máa gbé."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Oiva wọ fìlà rẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Raili ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. "Tyyne, ọkùnrin yìí fẹ́ sọ mí di wèrè. Ọ̀rọ̀ sítóòfù ló fi ń jẹun báyìí. Lánàá, ó mú ìrépé aṣọ àgọ́ kan wá, ó ní kí n fọwọ́ kàn án, kí n sọ bóyá ó nípọn. Àtìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, kò bi mí rí bóyá aṣọ ọrùn mi nípọn."

"Kí ló dé tí kò kúkú sọ fún wọn pé òun ṣì fẹ́ máa bá wọn lọ?"

"Oiva? Kó la ẹnu ẹ̀ sọ ohun tó ń fẹ́? Kó kúkú kú ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Ẹgbẹ́ wá fẹnu kò pé kí wọ́n pa àgọ́ méjèèjì sí àgbàlá ilé ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wọ inú wọn wò, kí a sì yan èyí tó bá wù wá. Jarno mú ti bọ́tìnnì wá. Oiva lọ tọrọ àgọ́ onísítóòfù kan lọ́wọ́ àna rẹ̀ kan. Lọ́jọ́ náà, òtútù le débi pé irun imú ń dì.

Àgọ́ Jarno ti dúró kí ẹnikẹ́ni tó yọ ìbọ̀wọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ ń kùn, ooru dé. Gbogbo wa rọ́ wọlé, a bọ́ bàtà, a jókòó. Mi ò ní purọ́, ó dùn. Níta lọ́hùn-ún, Oiva ṣì ń bá èèkàn jà nínú ilẹ̀ tó ti le bí òkúta, Raili di òpó mú fún un, ó sì ń bú ọkọ rẹ̀ tìdílé-tìdílé. A fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kò sẹ́ni tóun bẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i tí èéfín ń jáde nínú páìpù rẹ̀. Òun àti Raili nìkan ló wà níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń móoru, mi ò dìde.

"Ó jọ pé a ti yan," Jarno wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bóyá à bá ti yan lóòótọ́, tí kì í bá ṣe Taisto. Ó ti bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè, ó di ojú, òógùn ń bọ̀ níwájú orí rẹ̀, ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì mọ irú ẹni tí a jẹ́. Ẹ̀yìn ilé gbogbo wa ni sáúnà wà, ilé ooru tí wọ́n ti ń gbé wa wọ̀ láti ọmọ jòjòló. Bí ooru bá ti ń bà wá lára níbẹ̀, omi là ń dà sórí òkúta gbígbóná tó ń mú ooru wá, kó lè túbọ̀ ru sókè. Taisto ò ronú. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀, ó sì da gbogbo omi ife náà lé ẹ̀rọ Jarno lórí.

Ẹ̀rọ náà húkọ́. Ó tún húkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tu èéfín dúdú, ó dákẹ́.

"Taisto! Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Ó gbóná," Taisto wí, ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni.

"Ṣé kò yẹ kó gbóná ni?"

"Ó yẹ. Ìdí tí mo fi da omi sí i nìyẹn."

Jarno tẹ bọ́tìnnì títí ìka fi ń dùn ún. Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé. Ìgbà yẹn gan-an la gbọ́ ọ láti inú àgọ́ kejì: ṣááá! Oiva ti to òkúta sórí sítóòfù rẹ̀, ó sì ti bu omi lé e. Gbogbo wa gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ jẹ́ n lọ wo bóyá ọkọ̀ mi ti dì," Taisto wí, ó sì jáde. Kò padà wá. Ẹlòmíràn ní òun ń lọ wá ìbọ̀wọ́ òun. Òun náà ò padà. Èmi ò ṣe àwáwí kankan, mo gbé bàtà mi, mo sáré. Nígbà tí mo wọlé, àwọn tó ṣáájú mi ti wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ara wọn pọ́n kuku, mo sì rí ikùn tí mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kó fi hàn mí. Raili ń pín kọfí àti búrẹ́dì dídùn. Jarno ló kẹ́yìn.

"Wọlé, ọmọ mi," Raili wí. "Kó o sì pa ilẹ̀kùn dé, ooru ń jáde."

Jarno jókòó, ó mu kọfí, ó wò yíká. "Ó dáa. Èyí la yàn. Ṣùgbọ́n ta ló máa ṣọ́ iná? Bàbá Oiva, ṣé ẹ ṣì lè ṣe é?"

Níbí, bí wọ́n bá fi nǹkan lọ̀ ọ́, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Wọ́n á tún fi lọ̀ ọ́, wàá tún kọ̀, lẹ́yìn náà lo tó lè gbà á bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Oiva ṣe bí wọ́n ṣe tọ́ ọ.

"Áà, rárá o," ló wí. "Mo ti darúgbó. Ẹ fún àwọn ọ̀dọ́."

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sòótọ́," Jarno wí. "A máa pín in láàárín ara wa."

Ife Oiva dúró ní agbedeméjì orúnkún àti ẹnu rẹ̀. Inú bí mi débi tí mo fẹ́ fi búrẹ́dì sọ Jarno, ṣùgbọ́n Raili ti gbé ìkòkò kọfí sílẹ̀ gbàgà.

"Ó tó!" ló wí. "Bàbá yìí, sọ ọ́. Sọ ọ́ fún wọn bó ṣe wà nínú ẹ, tàbí kí n sọ ọ́ fúnra mi, kí n sì fi sísunkún kún un."

Oiva kọjú sí iná.

"Mi ò lè yìnbọn mọ́," ló wí. "Ẹ mọ̀. Ẹ ò sọ ọ́, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n bí gbogbo yín bá ti sùn, tí mo jókòó ti iná, mo mọ̀ pé òtútù ò mú ẹnì kankan, nítorí pé mo wà níbẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí mo ti wúlò mọ́. Mo fẹ́ máa bá yín lọ."

Bí ẹnì kan bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba nílẹ̀ wa, bàtà wa la máa ń wò. A ti bọ́ bàtà, nítorí náà a wo ìbọ̀sẹ̀. Taisto fọn imú. Etí Jarno pọ́n, kì í sì í ṣe ooru ló fà á.

"Bàbá Oiva," ó wí níkẹyìn, "iná yẹn ti fẹ́ kú."

Irọ́ ni. Iná náà ń jó bùlàbùlà. Oiva dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn sítóòfù, ó fi igi kan há àárín èyí tó ti kún ibẹ̀, ó sì padà jókòó.

"Ẹ lè sùn báyìí," ló wí.

Ọ̀sán gangan ni. Gbogbo wa dùbúlẹ̀.