Òkè Ayọ̀bọ̀ àti Táyà Ńlá

Ẹrẹ̀ pupa ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, ẹrẹ̀ Ayọ̀bọ̀ tó máa ń mu ọ̀kadà dé ìdajì táyà. Nígbà yẹn, ara mi kì í balẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìdí ọ̀kadà ni, kí n tú èyí, kí n pààrọ̀ tọ̀hún. Ni mo bá ki táyà ńlá bọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó lè ga ju ẹrẹ̀ lọ. Ó ga lóòótọ́. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹ́ńjìnnì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sì rò pé agbára ló kún un.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ti Èkìtì wá wò mí. Bí mo bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí n kó àwọn èèyàn mi wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n jókòó sí Èkó mi. Mo lọ gbé wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Gbogbo rẹ̀ ń dùn títí a fi kan òkè àdúgbò wa. Mo bọ́ sí jíà kìn-ín-ní, ẹ́ńjìnnì gbọ̀n rìrì, ó kú. Mo tún fẹsẹ̀ ta á, ó jí, ó tún kú. Ni mo bá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ̀. Wọ́n ká ìró sókè, wọ́n ń fẹsẹ̀ gun òkè, èmi ń ti ọ̀kadà bọ̀ lẹ́yìn.

"Ṣé báyìí lo ṣe máa sọ ọmọ mi kalẹ̀ láàárín ọ̀nà?"

Mo ń ti ọ̀kadà lọ títí a fi dé ilé.

Lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì, ọ̀rẹ́ mi aláwàdà, bi mí bóyá ọ̀kadà ni mo fẹ́ gùn àbí ràkúnmí. Ó ní táyà ńlá ń jẹ ilẹ̀ púpọ̀ bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì kò sì ní lè yí kíákíá mọ́. Bẹ́ẹ̀, yíyí kíákíá ni gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì kékeré. N kò fẹ́ yọ táyà, torí ẹrẹ̀. Ó bá pààrọ̀ irin eléyín tí ṣéènì ń yí lẹ́yìn, ó fi èyí tí eyín rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ sí i. Ó ní ariwo máa pọ̀, n kò sì ní lè sáré lójú títì mọ́, ṣùgbọ́n yóò gun òkè.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo gbé Màmá, ìyá ọmọbìnrin náà, bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. A dé ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n ti ń múra àtisọ̀. Mo ní, "Ẹ dì mí mú, mà." Ẹ́ńjìnnì figbe ta, ajá sá wọlé. A ò yára o; àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ń kí wa, a sì ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n a ò dúró. Nígbà tí a gun orí òkè, mo fẹ́ dúró bi Màmá bóyá ara wọn le. Wọ́n gbá mi lẹ́yìn.

"Má dúró mọ́. Lọ pe àwọn èèyàn rẹ."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ta ọ̀kadà náà. Ìyàwó mi máa ń sọ pé ariwo ni ìyá òun gbọ́ tó fi fi òun fún mi. N kì í bá a jiyàn.