Eléyín Tó Wà Lẹ́yìn Ọ̀kadà Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bá mi tún ọ̀kadà tí mo rà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣe, nínú garage rẹ̀ ní Dacula. Irin eléyín kan wà lára táyà ẹ̀yìn tí ṣéènì máa ń fà. Ó yọ ńlá tó wà níbẹ̀, ó fi kékeré rọ́pò rẹ̀.

Ó ní, "Bó o bá ti wọ highway báyìí, kò sẹ́ni tó máa bá ọ."

Mo bi í pé bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ńkọ́? Ó ní á kàn lọ́ra díẹ̀ ni.

Ní Monday, mo ń lọ sí shift mi ní Decatur. Ramp tí mo máa ń gbà wọ highway kúrú, ògiri ló sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Iná tó ń darí ọkọ̀ lẹ́nu rẹ̀ dá mi dúró. Nígbà tó di green, mo fún ọ̀kadà níná, ó ń kùn, kò sáré. Truck ńlá kan ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò ráyè yà. Mo tún fún un níná. Ọ̀nà mi ń tán lọ. Họ́ọ̀nù bú sí mi létí. Mo tẹ bíréèkì, mo ya sí shoulder, etí ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Atẹ́gùn truck náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú.

Mo dúró, mo tú okùn helmet mi. Nígbà tí mo tú u tán, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ fún un.

"Ẹ bá mi dá ti tẹ́lẹ̀ padà."

"Top speed rẹ̀ á lọ sílẹ̀ o."

"Ta ni mò ń bá sáré? Kí n ṣáà ráyè wọ ojú ọ̀nà."

Ó ní, "Ibẹ̀ náà ni mọ́tò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi lórí ọ̀kadà tèmi lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí mo fi kékeré sí i. Mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀kadà gùn dáadáa."

Inú bí mi. "Ẹ mọ̀, ẹ wá ṣe irú ẹ̀ sí tèmi?"

Ó ní kí n gbé e wá ní Sátidé.

Ní Sátidé, ó dá ńlá padà, ó ní òun ni òun máa kọ́kọ́ gùn ún gba ramp náà. Mo wà nínú mọ́tò mi lẹ́yìn rẹ̀, mo di steering mú, mò ń gbàdúrà. Iná di green. Ọ̀kadà fò síwájú, ó wọ àárín mọ́tò kí n tó mí.

Nígbà tá a délé, ó ní, "Bí eré bá pọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń ké."

"Kó máa ké."

Ó bi mí bóyá inú ṣì ń bí mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, ó fa ọ̀kadà tirẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú táyà ẹ̀yìn.