Aṣebi Tó Ń Fi ‘Ẹ’ Bá Èèyàn Jà

Aṣebi àkọ́kọ́ tí mo dá sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ̀rín ni wọ́n fi pa á. Gbẹ̀mígbẹ̀mí ni mo sọ ọ́. Mo wọ aṣọ pupa fún un, mo fi tìróò kun ojú rẹ̀, mo ní kó máa bú sẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó wọ ìlú, tó kéde pé òun máa mu ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn, ẹnì kan dá a lóhùn pé, “Bàbá, ẹ rọra o, ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀ tèmi.” Ni gbogbo ìlú bá da ọ̀rọ̀ náà sí yẹ̀yẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń rán Gbẹ̀mígbẹ̀mí níṣẹ́ pé tó bá ń bọ̀, kó bá wọn ra búrẹ́dì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń wí. Eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán tó ń sáré níbẹ̀, kò sí ìbọn tó ń dún. Ọ̀rọ̀ lásán ni à ń tẹ̀. A dá ìlú kan sílẹ̀ tí kò sí níbì kankan láyé, a sọ ọ́ ní Àjọgbé. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á yan ẹni tí òun fẹ́ jẹ́ níbẹ̀: alágbẹ̀dẹ, olóyè, ọmọ ọba tó sá kúrò nílé. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹni yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀ lòun náà yóò máa sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á sì máa dá a lóhùn látorí fóònù tiwọn. Eré àgbéwọ̀ là ń pè é, torí pé ńṣe lèèyàn ń gbé ẹlòmíràn wọ̀ bí ẹ̀wù. Iṣẹ́ tèmi ni láti dá àwọn ẹ̀dá tí kì í ṣe ti oníṣeré kankan sílẹ̀, kí n sì máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, pàápàá jù lọ àwọn aṣebi. Ìlú tí kò bá ní ọ̀tá, oorun ni yóò kó àwọn ará ibẹ̀ lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé ló ni ilé iṣẹ́ náà, bí yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ojú Ọ̀rẹ́ bá tó ohun tí à ń pè ní ilé iṣẹ́. Ó ti kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà rí. Ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀ṣì ń hù bí olú ní Ọ̀tà, yunifásítì náà ti dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ń gba yàrá títí dé Ìjù. Kúnlé rí i pé gbogbo àwọn àlejò yìí ló ní fóònù lọ́wọ́, wọn ò sì mọ ẹnì kankan ládùúgbò. Ó ní òun á dá ìlú kan sílẹ̀ fún wọn, ibi tí wọ́n á ti mọ ara wọn.

Ilé iṣẹ́ ọ̀rá kan ní Sango lèmi wà nígbà yẹn, mò ń kó ọ̀rá sínú àpò. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń kọ eré fún ẹgbẹ́ eléré ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kúnlé wá wo ọ̀kan nínú eré náà, ó sì dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. “Ìyá Ayọ̀,” ó ní, “kí lẹ wá ń wá nídìí ọ̀rá?” Bí mo ṣe fi ọ̀rá sílẹ̀ nìyẹn. Ọkọ mi bi mí bóyá irọ́ tí mo bá pa ni wọ́n á máa sanwó rẹ̀ fún mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé mo sì mọ̀ ọ́n pa.

Ibi eré ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti mú Gbẹ̀mígbẹ̀mí wá. Lórí pèpéle, aṣebi gbọ́dọ̀ tóbi kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá lè rí i, ó sì gbọ́dọ̀ ṣubú yakata nígbà tí wọ́n bá gbàdúrà. Lórí fóònù, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ wà lábẹ́ imú ẹni tó ń kà á. Ẹni tó bá ń pariwo sí èèyàn létí kì í bani lẹ́rù, ó kàn ń yọni lẹ́nu ni. Èmi ò tíì mọ ìyẹn nígbà náà.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní Àjọgbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kúnlé fa àga tì mí. “Ìyá Ayọ̀, tó bá ń lọ báyìí, màá ti ilẹ̀kùn ni o. Ẹ bá mi wá ẹni tí wọ́n máa bẹ̀rù.” Mo ju Kúnlé lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, òun sì lọ̀gá mi, nítorí náà ‘ẹ’ làwa méjèèjì ń sọ fún ara wa. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọkàn tèmi ò balẹ̀ rárá, torí mo ti sọ fún gbogbo wọn nílé iṣẹ́ ọ̀rá pé wọn ò ní rí mi mọ́.

Mo wá bi ara mi léèrè ẹni tó bà mí lẹ́rù jù láyé mi. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe adigunjalè. Sùpáfáísọ̀ wa nídìí ọ̀rá ni. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Á máa bá wa tàkúrọ̀sọ, á ní, “Ìyá Ayọ̀, o ò ní fún mi jẹ nínú ẹ̀wà ẹ?” Ṣùgbọ́n tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kan tó sọ fún ọ̀kan nínú wa pé, “Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè dé ọ́fíìsì?”, a mọ̀ pé ó ti parí fún ẹni yẹn. Àwa tó kù á tẹrí mọ́ àpò ọ̀rá. Ẹni tó bá ti di ‘ẹ’ lẹ́nu rẹ̀ kò ní bá wa jẹun ọ̀sán mọ́. Àpọ́nlé ni lóòótọ́, àmọ́ àpọ́nlé tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ni síta ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Ọ̀tún Àjọgbé. Mo bọ́ aṣọ pupa, mo wọ funfun fún un. Olóyè ni, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kànga kan ṣoṣo tó wà nílùú wà. Kì í bínú. Ó mọ orúkọ ọmọ olúkúlùkù, á sì béèrè bóyá ikọ́ ti fi wọ́n sílẹ̀. Ó gbà tọkàntọkàn pé bí kọ́kọ́rọ́ náà bá kúrò lọ́wọ́ òun, àwọn èèyàn á fi ìjà gbẹ kànga ọ̀hún. Mo kọ ọ́ débi pé èmi gan-an máa ń gbà fún un nígbà mìíràn. Aṣebi tí kò bá gbà pé òun jàre, kò tíì jinná. Gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pè ní ‘ìwọ’. Ẹni tí Ọ̀tún bá fẹ́ rẹ́yìn rẹ̀ nínú wọn nìkan ni yóò gbọ́ ‘ẹ’.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń ṣe alágbẹ̀dẹ nílùú wa. Òun àti Ọ̀tún ti mọwọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ó lọ ń rọ kọ́kọ́rọ́ kejì ní bòókẹ́lẹ́. Ọ̀tún yà sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, alágbẹ̀dẹ. Iṣẹ́ yín mà dára.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, alágbẹ̀dẹ kọ ọ́ pé, “Ọ̀tún, kí ni mo ṣe fún yín? Èmi lẹ̀ ń sọ ‘ẹ’ fún?” Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti ń ti ilẹ̀kùn wọn. Kúnlé fò sókè lórí àga tó wà.

“Ìyá Ayọ̀,” ló wí, “ẹ pa á láìfọwọ́ kàn án.”

Àwọn tó ti lọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà, wọ́n sì mú ọ̀rẹ́ wọn dání. Mo gbọ́ pé nínú kíláàsì ní yunifásítì, bí olùkọ́ bá ṣàdédé fi ‘ẹ’ pe akẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n á ní Ọ̀tún ti dé. Inú mi dùn, n kò sì fi pamọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Ọ̀tún ò rí mú, Ìyálóde Àjọgbé. A ò mọ ẹni tó ń ṣe é, torí fóònù kì í fojú hàn. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó gbọ́ Yorùbá dénú, àti pé ọ̀pọ̀ obìnrin ló tẹ̀ lé e wọlé, àwọn ló sì kún ọjà ìlú. Nítorí oyè rẹ̀, ‘ẹ’ ni gbogbo ìlú ń sọ fún un, Ọ̀tún náà ń sọ ọ́. Báwo lèèyàn ṣe máa fi ohun tí ẹnì kan ń gbọ́ lójoojúmọ́ dẹ́rù bà á? Nígbà tí Ìyálóde wá kó àwọn obìnrin jọ láti lọ gba kọ́kọ́rọ́ kànga, mo rò ó sọ́tùn-ún sósì, mo sì yí ọ̀bẹ náà padà. Lójú gbogbo ìlú, Ọ̀tún ní, “Jókòó, ìwọ obìnrin yìí. Ta ló rán ọ níṣẹ́?”

Ìyálóde ò fèsì. Ilẹ̀ mọ́, kò fèsì. Àwọn obìnrin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọjà Àjọgbé fi ṣófo. Ọmọbìnrin kan láti yunifásítì ló pe Kúnlé lórí fóònù. Ó ní ìyá àgbà òun ni Ìyálóde, pé ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Itele ni wọ́n ń gbé, ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì sì làwọn obìnrin yòókù. Ó ní láti ìgbà tí Ọ̀tún ti sọ̀rọ̀ sí wọn, wọn ò fọwọ́ kan fóònù mọ́.

Kúnlé dorí mú. “Ìyá Ayọ̀! Ẹ sọ ‘ìwọ’ fún ìyá àgbà. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé Ọ̀tún máa tọrọ àforíjì lójú gbogbo ayé.”

“Èmi máa bẹ̀ wọ́n,” mo dá a lóhùn. “Ọ̀tún ò ní bẹ ẹnikẹ́ni.”

“Ẹ ṣàánú mi, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ọ̀gá, lọ́jọ́ tí Ọ̀tún bá bẹ̀bẹ̀, búrẹ́dì ni wọ́n á máa rán òun náà lọ rà.”

Ó ní tí ìyá ọ̀hún ò bá padà, àwọn obìnrin náà ò ní padà, àti pé bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, òun á gbé kọ̀ǹpútà òun lọ sílé. Mo mọ̀ pé kò fi ṣeré. Mo gbé báàgì mi, mo lọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Mo bá wọn níwájú ilé ní Itele, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Ìyá tín-ín-rín ni wọ́n, ẹ̀yìn wọn gún ṣánṣán. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

“Ẹ káàsán mà. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu Ọ̀tún.”

Wọ́n gbójú sókè. “Ìwọ? Obìnrin ni Ọ̀tún?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

“Mo bí irú ẹ.”

“Ẹ bí mi dáadáa mà. Ẹ má bínú. Èmi Ìyá Ayọ̀, n ò gbọ́dọ̀ dán irú ẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí Ọ̀tún ṣe jẹ́ nìyẹn. Tí mo bá ní kó wá dọ̀bálẹ̀ fún yín, ẹ̀tàn ni mà. Ẹ̀yin náà á mọ̀ pé kì í ṣe òun.”

Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Ohun tí mo sọ dá mi lójú, n kò sì kó o jẹ.

“Ta ló sọ fún ọ pé inú ló bí mi?” wọ́n bi mí.

Mo gbójú sókè wò wọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbẹ̀yìn nínú àwọn tó jù mí lọ,” wọ́n ní. “Láti ìgbà tí a ti sin wọ́n, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní ‘ìwọ’ mọ́. Àwọn ọmọ mi, ‘ẹ̀yin’. Pásítọ̀, ‘ẹ̀yin’. Dókítà tó ń gún mi lábẹ́rẹ́, ‘ẹ fara dà á mà’. Àwọn tí mo nà ní kíláàsì ti ní ọmọ-ọmọ, ‘ẹ̀yin’ náà ni. Nígbà tí ọkùnrin yẹn ní kí n jókòó, mo wà lórí ìdúró, mo sì jókòó lóòótọ́. Mo sunkún. Mo pa fóònù kí ọmọ-ọmọ mi má baà rí mi.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ilẹ̀ ni mò ń wò, torí omijé ti gba ojú tèmi náà.

“Ẹ padà wá mà,” mo ní. “Ìlú ò dùn.”

“Tí mo bá padà, kí ni ọkùnrin yẹn yóò máa pè mí?”

“Ohun tí ẹ bá ní kó máa pè yín ni mà.”

“Kó má yí ‘ìwọ’ yẹn padà.” Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀wà dànù. “Dìde, orúnkún á dùn ẹ́.”

Mo ti dá aṣebi tó pọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo sì ti ń kọ́ àwọn mìíràn níṣẹ́. Wọ́n máa ń rò pé ọkàn tó le la fi ń ṣe é. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ohun tí ẹni tó wà nídìí fóònù kò rí gbà mọ́ láyé, torí ibẹ̀ ni aṣebi gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Tó bá dùn wọ́n, ó dùn wọ́n. Tó bá wò wọ́n sàn, iṣẹ́ náà ṣì ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì tí mo ti Itele dé, èmi àti Kúnlé jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ìyálóde wọlé. Kúnlé ń wo ọwọ́ mi. Bí wọ́n tiẹ̀ pàṣẹ fún mi lójúkojú ní Itele pé kí n pè wọ́n ní ‘ìwọ’, ẹnu mi ò ní lè sọ ọ́ láéláé, ṣùgbọ́n Ọ̀tún lè sọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ pé, “Ìyálóde, o pẹ́. Ṣé o ti jẹun?”

Èsì dé kí n tó gbé ọwọ́ kúrò. “Mo ti jẹun. Ìwọ náà, dìde lórí àga yẹn, kó o lọ mú kọ́kọ́rọ́ kànga wá.”

Àwọn obìnrin tún ń wọlé, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ọjà ń kún. Kúnlé mí kanlẹ̀. “Ìyá Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Ọ̀tún fún màmá ní kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ó kéré tán, kó pọ́n wọn lé díẹ̀.”

“Rárá, ọ̀gá,” mo ní, mo sì gbé ọwọ́ padà sórí kíbọ́ọ̀dù. “Àpọ́nlé ni wọ́n sá fún wá síbí.”