Kẹ̀kẹ́ Ìyé Lọ́nà Odò-Àpé

Òórùn aró ló máa ń jí mi nílé wa ní Kàbbà, kì í ṣe àkùkọ. Ìkòkò aró ìyá bàbá mi wà lẹ́yìn fèrèsé tí mò ń sùn sí, ó sì ń rùn bí ẹni pé nǹkan kú sínú rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí mo bá fi máa yọjú síta, Ìyé, bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, ti ń da epo sí ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ kò ṣì í kà. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo wí.

Bàbá bàbá mi ló ni kẹ̀kẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ó gùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó bá a wọ kòtò, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, láti ìgbà náà ló ti ń fi ẹnu gun kẹ̀kẹ́ lórí àga. Ìyé kò bá a jiyàn. Ó ká ìró sáàárín ẹsẹ̀, ó fi ọ̀já gbà á pinpin, ó ṣubú fún ọjọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ kẹrin ó gùn ún lọ sọ́jà.

"Gbé kẹ̀kẹ́ mi fún mi!" ni Bàbá pariwo.

"Ṣé ẹ fẹ́ gùn ún ni, Bàbá Délé?"

Bàbá ní ebi ń pa òun.

Nígbà náà, tí ìjọba Àríwá ṣì ń pàṣẹ fún wa láti Kàdúná, kò sí obìnrin mìíràn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ládùúgbò wa. Láàárọ̀, Ìyé á jókòó sídìí òfì, á máa hun kíjìpá. Lọ́sàn-án, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wá rànwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á sì máa tú àṣírí gbogbo ìlú bí wọ́n ṣe ń ràn án. Bí ẹnikẹ́ni bá fi kẹ̀kẹ́ náà bú u, á ní, "Ẹni tó bá ń wo ojú aráyé kò ní hun aṣọ kan parí." Bó bá sì ti ráyè, ó di Odò-Àpé, lọ́dọ̀ Ìyé Àìná, ahunṣọ bíi tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ti ṣàdéhùn: ẹni tó bá kọ́kọ́ kú, èkejì ni yóò mú aṣọ tí wọ́n máa fi dì í wá, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò sì fi hun ún. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rẹ́ tí kò bá mú aṣọ wá kí wọ́n tó sin òkú, wọn kì í pè é ní ọ̀rẹ́ mọ́.

Èmi ní tèmi, ojú ń tì mí. Mo kàwé dé kíláàsì kẹta, mo sì rí i pé ó tó. Àwọn tó kà á kọjá ibẹ̀ ló ń bá mi kọ̀wé ní ọ́fíìsì mi lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà náà, "Ọmọ-ọmọ Bàbá Oníkẹ̀kẹ́" ni wọ́n ń pè mí nílé-ìwé, torí wọ́n ní Ìyé ti di ọkùnrin. Tíṣà wá ní kí àwọn ará ilé wa wá wòran wa bí a bá ń yan ní ọjọ́ kejì. Ta ni wọ́n fi síwájú? Èmi ni. Mo ti ń gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ Ìyé nínú orí mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo mú ẹ̀gún òòrẹ̀ tí Ìyé fi ń ya òwú, mo fi gún táyà ẹ̀yìn nígbà mẹ́rin. Ọlọ́gbọ́n ọmọ! À ń gbọ́ agogo ilé-ìwé náà ketekete láti ilé wa, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé obìnrin náà ní ẹsẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọkùnrin kan dé láti Odò-Àpé, ìrì bò ó dé orúnkún, ó kí Ìyé bí a ṣe ń kíra lọ́dọ̀ wa: "Okun o, Ìyé. Ìyé Àìná ti sùn. Ọ̀sán òní ni wọn yóò sin ín."

Ìyé kò sunkún. Ó mú kíjìpá tó ti hun sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde láti inú àpótí, ó ti kẹ̀kẹ́ síta. Táyà ti lẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́. Ẹni kan ṣoṣo tó ń lẹ túùbù nítòsí ti lọ sí Mopa.

"Ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn," ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí.

"Kí n tó fẹsẹ̀ débẹ̀, wọ́n á ti kó yẹ̀pẹ̀ lé e."

Bàbá gbọ́, ó gbádùn ara rẹ̀ lórí àga: "Mo ti sọ ọ́. Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe nǹkan obìnrin."

Ìyé fọwọ́ tọ́ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wò mí. "Òòrẹ̀ ti wọlé wa nìyẹn," ló wí. "Lọ kó gbogbo àjákù òwú tó wà nídìí òfì wá."

Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Èmi gan-an ló ní kí n ki òwú náà bọ táyà, títí ìka mi fi bó, títí táyà fi le bí iṣu. Lẹ́yìn náà, ó gbé mi sẹ́yìn, ó gbé kíjìpá náà lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó kan ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ń ta bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí kò fẹ́ ẹrù. Bí a bá dé òkè, à ń sọ̀kalẹ̀ tì í. Àwọn tó ń lọ sóko ń kí i pé, "Okun o!" Ó ń jẹ́ wọn lóhùn, kò dúró. Òógùn ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ títí bùbá rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ mi lójú.

Nígbà tí a dé, ìdílé Ìyé Àìná ti tẹ́ aṣọ mìíràn sílẹ̀.

"A rò pé o kò ní wá mọ́," ni àgbàlagbà kan wí.

"Èmi ni?" Ìyé gba kíjìpá náà lẹ́sẹ̀ mi, ó tẹ́ ẹ, òun fúnra rẹ̀ ló dì í. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú náà, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni pé àwọn méjèèjì ń rànwú: "Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Táyà ló dá mi dúró."

Táyà. Kò dárúkọ mi. Ìgbà yẹn ni mo bú sẹ́kún, àwọn ará Odò-Àpé sì ń yìn mí pé mo fẹ́ràn olóògbé.

Lónìí mo ní lọ́rì mẹ́ta àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Kàbbà. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré kú ní Amuro. Mo ra aṣọ tó wọ́n jù lọ́jà, mo fi rán dírẹ́bà mi, torí iṣẹ́ pọ̀ fún ènìyàn ńlá. Wọ́n ti sin ín kó tó débẹ̀. Wọ́n bi dírẹ́bà mi léèrè ibi tí mo wà. Ó ní mo wà nílé.

Kò purọ́ mọ́ mi.